Férémù Tí Mo Ṣì Mọ̀

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ tí ẹ rí mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, tí mo gbé àpò kọ́ èjìká tí mo ń lọ sí ìdí ọkọ̀ Nàìjíríà, ẹ bi mí ibi tí mo ń lọ. Mo ní mo fẹ́ lọ wo kẹ̀kẹ́ kan ní Òkè-Ògùn. N kò purọ́, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ tán. Nísinsìnyí tí mo ti dé, n ó sọ èyí tó kù.

Àwọn àgbà inú yín rántí Sàlámì, ọmọ tí Ìyá Wúrà ẹ̀yìn ọjà tọ́ dàgbà. Nígbà tí ìlú wa ṣì ní ẹgbẹ́ eléré kẹ̀kẹ́, kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ méjì ló máa ń gùn. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹgbẹ́, férémù Faransé gidi tí olùkọ́ òyìnbó kan fi sílẹ̀ fún wa nígbà tó ń padà sílé. Èkejì jẹ́ tirẹ̀, férémù Gẹ̀ẹ́sì tó rà ní àlòkù. Nígbà tí ìdíje ńlá kan ń bọ̀, ẹgbẹ́ ní kí a kun méjèèjì ní àwọ̀ búlúù kan náà. Èmi ni mo kùn wọ́n. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ títún kẹ̀kẹ́ ṣe, àwọn ènìyàn sì ń sọ ọ́ kiri pé mo mọ kẹ̀kẹ́ ju ọ̀gá náà lọ. Mo gbà wọ́n gbọ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìdíje náà wáyé, ilẹ̀ mọ́, a kò rí Sàlámì. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló kù nínú yàrá ẹgbẹ́. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní, "Gbádé, ìwọ lo mọ̀ wọ́n. Èwo ló kù yìí?"

Mo wò ó. Mo rí ìjókòó aláwọ tí Sàlámì fi owó ara rẹ̀ rà. Mo ní, "Ti Sàlámì ni èyí. Ti ẹgbẹ́ ló gbé lọ."

N kò dojú kẹ̀kẹ́ náà dé. N kò tú nǹkan kan lára rẹ̀. Gbogbo ojú ló wà lára mi, ó sì tì mí lójú láti sọ pé, ẹ fún mi ní wákàtí kan kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọjọ́ náà ni Sàlámì ti di olè lẹ́nu gbogbo ìlú. Ó ti di ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

Lọ́dún yìí, wọ́n wó yàrá ẹgbẹ́ àtijọ́, wọ́n gbé férémù tó kù náà wá fún mi pé kí n wá nǹkan fi ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ní ìsàlẹ̀ férémù, níbi tí irin ẹsẹ̀ ti gba inú rẹ̀ kọjá, ife irin méjì ló wà tí a yí wọlé, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ife apá ọ̀tún yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni a ń yí i sí kó tó tú. Bó bá jẹ́ ti Faransé, ọwọ́ òsì ni, bí ìdérí ìgò. Mo fi sípánà sí i, mo yí i sí ọ̀tún. Kò mì. Mo fi agbára kún un, ńṣe ló ń fún sí i. Mo dúró díẹ̀. Mo yí i sí òsì. Ó tú wẹ́rẹ́.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Kò fìgbà kan kúrò ní Ṣábẹ̀ẹ́.

Ṣakí

Ìyá Bàṣírù, oníṣòwò ọkà láti Ṣakí tó máa ń ná ọjà wa, ló sọ fún mi nígbà kan rí, bí ẹni ń ṣe àwàdà, pé òun máa ń rí ọkùnrin kan ní ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ lórí kẹ̀kẹ́ eléré tí irin ìdìmú rẹ̀ ká bí ìwo àgbò. Ó ní bí ewúrẹ́ bá dí i lọ́nà, èdè Faransé ló fi ń bú u. Nígbà tó sọ ọ́, mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí ife irin yẹn tú mọ́ mi lọ́wọ́, mo wá a lọ sí ọjà, mo bi í bóyá mo lè wá wo ọkùnrin náà. Kò bi mí léèrè ìdí. Ó ní kí n máa bọ̀.

Bí ẹ bá kọjá ẹnubodè, ilẹ̀ kò yí padà. Igi ẹmì kan náà ni, igi igbá kan náà, àti koríko tí iná ìgbẹ́ ti jó kù. Ènìyàn ló yí padà, kì í sì í ṣe púpọ̀. Mo dé Ṣakí nígbà tí oòrùn ń rọ̀. Àpáta ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí ilé, ilé sì tò yí àpáta ká bí ọmọ tó yí ìyá rẹ̀ ká.

Ọkọ Ìyá Bàṣírù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní kí n dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀: ilé ńkọ́, ọ̀nà ńkọ́, ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ṣé òjò ti ṣú lọ́dọ̀ yín? Nígbà tó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò béèrè ohun tí mo wá ṣe. Ó di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo ti sùn tí mo ti jẹun, kó tó ní, "Ó dára. A ti rí ara wa. Kí lẹ bá wá?" Mo fẹ́ràn ìwà yẹn. Lọ́dọ̀ wa, kí àlejò tó bọ́ bàtà la ti máa ń béèrè.

Mo rò pé Yorùbá ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá la ẹnu, àwọn ọmọ ilé náà a dákẹ́, wọn a máa fetí sí mi bí rédíò tí ohùn rẹ̀ ń yọ́ lọ. Mo pe kẹ̀kẹ́ ní fẹlò, wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní básíkù ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo agbo ilé ti ń pè mí ní Bàbá Faransé.

Mo sọ fún ọkọ Ìyá Bàṣírù pé Yorùbá pọ́ńbélé ni mí.

Ó ní, "A mọ̀. Yorùbá tó ṣí lọ sọ́dọ̀ Faransé ni yín."

Mo ní, "A kò ṣí lọ síbì kankan, bàbá. Ilẹ̀ baba ńlá wa la wà. Ààlà ló wá bá wa níbẹ̀."

Ó rò ó. Ó ní, "Òótọ́ nìyẹn." Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Faransé náà ló tún fi kí mi.

Iyán ni wọ́n fi ṣe mí lálejò, pẹ̀lú ọbẹ̀ ìṣápá tó kan díẹ̀, àti wàrà tí wọ́n dín sínú ata. Wàrà yẹn nìkan ni ahọ́n mi mọ̀ láti ilé. Iyán wọn ni n kò rí irú rẹ̀ rí. Ó funfun, ó ń fà, ó sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé èmi àti ẹlòmíràn la fẹ́ jọ jẹ ẹ́. Àárọ̀ ni wàhálà wà. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó dàgbà lọ́dọ̀ wa, búrẹ́dì líle tó gùn ló fi ń jí. Tiwọn rọ̀ bí tìmùtìmù, ó sì dùn bí ẹni pé ọmọdé nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Mo jẹ ẹ́. Mo dúpẹ́. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti sọ pé ẹ̀kọ ni mo fẹ́.

Kẹ̀kẹ́ Ìyá Dáyọ̀

Ní Àgọ́-Àrẹ, nígbà tí mo béèrè ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ eléré àtijọ́, gbogbo ènìyàn ló na ọwọ́ sí ilé kan náà. Mo rò pé mo ti dé. Obìnrin tó jáde sí mi ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, ó wọ awò ojú, ó sì mú Bíbélì dání. Ìyá Dáyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ló wà ní ẹ̀yìn ilé lábẹ́ àpò ìrẹsì.

Ó bá mi ṣí i. Kì í ṣe búlúù. Ó ti dúdú pátápátá, kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀ mọ́. Mo lè ti kí i kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ife yẹn ti tú, n kò tún lè wo férémù kan kí n sáré sọ̀rọ̀. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó ti kẹ̀kẹ́ náà.

Mo wo ibi tí ọ̀pá òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti pàdé ní iwájú. Irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó gbá wọn mọ́ra bí ọrùn ẹ̀wù. Ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, wọ́n sábà máa ń fi ṣe ọnà. Èyí kò ní ọnà, ó kàn gùn, ó ṣe ṣóńṣó ní ẹnu. Mo fi ìwọ̀n irin wọn ọ̀pá òkè. Ó fi díẹ̀ báyìí tóbi ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, ojú lásán kò lè rí i. Mo wọn ọ̀pá tó gbé ìjókòó dúró, òun tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ṣùgbọ́n n kò sọ̀rọ̀ síbẹ̀, nítorí a lè pààrọ̀ ọ̀pá, a sì lè fi ọ̀dà bo irin. Mo ní, "Mà, ṣé mo lè tú ìsàlẹ̀ rẹ̀?"

Ó ní, "Tú u. Kò sẹ́ni tó ń gùn ún."

Ife apá ọ̀tún tú sí ọwọ́ òsì.

"Faransé ni," mo wí. "Ti eléré ni wọ́n dìídì ṣe é. Ó ṣeé ṣe kó dàgbà jù mí lọ."

Ìyá Dáyọ̀ yọ awò rẹ̀, ó nù ún. "Títí ọkọ mi fi kú, Gẹ̀ẹ́sì ló ń pè é. Ó máa ń sọ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe é."

"Ẹ má bínú, mà."

"Kí ni n ó bínú sí? O jókòó tì í fún wákàtí kan gbáko kó o tó sọ̀rọ̀. Òun kò jókòó tì í fún ìṣẹ́jú kan." Ó fi àpò bo kẹ̀kẹ́ náà padà. "Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ mi bá wá, Gẹ̀ẹ́sì ni n ó ṣì máa pè é. Baba wọn ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mo wá sọ fún un pé búlúù ni èyí tí mo ń wá. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan ti gùn ún wá rí láti Ọ̀kakà, ó fẹ́ ra táyà tó wà lára ti ọkọ òun. Baba Rúkáyà ni wọ́n ń pè é. Ó sọ̀rọ̀ bíi tèmi, bí ẹni pé ó ń gba imú sọ ìdajì rẹ̀.

Ọ̀kakà

Lójú ọ̀nà Ọ̀kakà ni àyà mi ti kọ́kọ́ já. Láti ilé ni mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. N ó dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúgbà ni wá, n ó ní, Sàlámì, èmi ni mo bà ọ́ lórúkọ jẹ́. Mo rò pé ó ti mọ̀. Mo rò pé láti ọjọ́ yìí wá ló ti ń bínú, pé kí n ṣáà gba èébú tó bá fẹ́ bú mi, kí ọ̀rọ̀ náà sì tán.

Obìnrin kan ń sá kóró kaṣú sójú oòrùn níwájú ilé tí wọ́n júwe fún mi. Ìyàwó rẹ̀ ni, Ìyá Rúkáyà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga wá, ó bu omi wá. Mo sọ fún un pé Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo ti wá, pé èmi àti ọkọ rẹ̀ la jọ dàgbà.

Ó dìde dúró. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ.

Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ti ìlú rẹ̀ wá kí i."

Kẹ̀kẹ́ ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀ nígbà tó ń ti oko bọ̀. Búlúù tí mo kùn ti ṣí púpọ̀, ọ̀bẹ àti ike omi wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gùn ún kò yí padà, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́, orúnkún rẹ̀ kò yà. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó wò mí.

"Gbádé?"

"Èmi ni."

Ó rọra fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri kó tó dì mọ́ mi. Irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ.

Wọ́n pa àkùkọ. Wọ́n gún iyán. Kò jẹ́ kí n dá jẹun, inú àwo kan náà la ti jọ ń bù ú. Ó ń béèrè ènìyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ àti ilé: ta ló ti kú, ta ló ti lówó, ta ló fẹ́ ta. Mo ń dá a lóhùn, mo sì ń retí ìgbà tí ìbínú náà yóò jáde. Kò jáde. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìyá mi ńkọ́? Ìyá Wúrà. Ṣé ó ṣì ń bínú sí mi?"

Mo ní, "Bínú nítorí kí ni?"

"Nítorí pé mo lọ láìdágbére." Ó wá sọ ọ́ fún mi. Àbúrò baba rẹ̀ ló ń ṣàìsàn ní Ọ̀kakà. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé bí kò bá tètè dé, kò ní bá a láàyè. Kò fẹ́ jí Ìyá Wúrà lójú oorun, nítorí ó mọ̀ pé kò ní jẹ́ kí òun lọ nígbà tí ìdíje ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ méjì ló rò pé òun yóò lò. Ọjọ́ tó dé ni àbúrò baba rẹ̀ kú, ó fi ọmọ mẹ́rin àti oko sílẹ̀ láìsí ọkùnrin kan tó lè bójú tó wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ méjì ṣe di oṣù, tí oṣù di ọdún. "Mo kọ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi rán àwọn oníṣòwò. Kò dá mi lóhùn. Mo ní ó dáa, ó ti bínú, ìlú náà ti bínú pé mo já wọn kulẹ̀ lọ́jọ́ ìdíje. Ojú tì mí láti padà."

Ó bu òkèlè. Ìgbà yẹn ló yé mi pé Sàlámì kò mọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé olè ni.

Lábẹ́ igi máńgòrò

N ó sọ òótọ́ fún yín. Mo rò ó pé kí n dákẹ́. Mo sùn nílé rẹ̀, mo jí, àwọn ará àdúgbò ń wá kí mi ní méjì méjì. Sàlámì ń sọ fún wọn pé, "Ọ̀rẹ́ mi tó máa ń tún kẹ̀kẹ́ mi ṣe nìyí. Kò sí ọwọ́ bíi tirẹ̀." Wọ́n gbé iṣu wá fún mi. Ẹnìkan gbé oyin wá. Mo ń ronú pé ta ni yóò jàǹfààní nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ọkùnrin náà jókòó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti oko rẹ̀, ara tù ú. Bí mo bá sọ ọ́, èmi ni ara yóò tù, òun ni yóò máa gbé e kiri.

Ní ọ̀sán, ó ní, "Gbádé, nǹkan kan ń dún nísàlẹ̀ básíkù yìí. Bá mi wò ó." Básíkù ló pè é. Ó ti di ará ibẹ̀.

A dojú kẹ̀kẹ́ náà dé lábẹ́ igi máńgòrò. Mo yọ irin ẹsẹ̀. Mo fi sípánà sí ife apá ọ̀tún, mo yí i sí ọ̀tún. Ó tú.

"Gẹ̀ẹ́sì," mo wí láìmọ̀ pé ó ti bọ́ lẹ́nu mi.

Sàlámì rẹ́rìn-ín. "Kí lo rò tẹ́lẹ̀? Ṣé mo ní òmíràn ni?"

Mo wo ìjókòó. Ó le bí pátákó. Mo bi í léèrè ibi tí ìjókòó aláwọ rẹ̀ wà.

"Mo gbé e sórí ti ẹgbẹ́ kí n tó máa bọ̀," ó wí. "Ti ẹgbẹ́ ni n ó fi sáré lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kó ti wà níbẹ̀ dè mí. Àárẹ̀ a ti mú mi tí mo bá dé."

Ìjókòó yẹn gan-an ni mo rí tí mo fi pè é lólè.

Mo gbé sípánà sílẹ̀. Mo ní, "Sàlámì, olè ni wọ́n ń pè ọ́ nílé."

"Ta ni?"

"Ìwọ. Wọ́n ní o gbé kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ lọ."

"Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀. Èmi ni wọ́n pè kí n wò ó. Mo rí ìjókòó rẹ, mo sì sọ pé tìrẹ ló kù. N kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú tì mí láti sọ pé n kò tíì mọ̀. Oṣù tó kọjá ni mo tó tú u. Faransé ni."

Ó di irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú lọ́wọ́, ó ń fi àkísà nù ún. Ó nù ún títí kò fi sí gíríìsì kankan lára rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ kò gbé e sílẹ̀.

"Ìyá mi wà níbẹ̀?"

"Wọ́n pè é. Wọ́n bi í ibi tó o wà."

"Ó gbọ́ nígbà tó o sọ ọ́?"

"Ó gbọ́."

Ó gbé irin náà sílẹ̀. Ó lọ wẹ ọwọ́. Àsìkò ìrun Alásárì ti tó, ó ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ ẹní rẹ̀. Mo rí i tó foríkanlẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi to kẹ̀kẹ́ náà padà, mo fi gíríìsì tuntun sí i, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí ọwọ́ mi lè ṣe.

Nígbà tí oúnjẹ dé, kò jẹ. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó wò mí. Ó kàn gbé àwo tèmi súnmọ́ mi, ó ní, "Ẹ jẹun, àlejò." Oúnjẹ yẹn ló ṣòro jù fún mi láti jẹ ní gbogbo ìrìn-àjò náà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì

Ó wá bá mi kí oòrùn tó yọ dáadáa. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Mo ní, "Bá mi kálọ sílé. N ó sọ ọ́ níwájú rẹ."

Ó mi orí. "Kí n wá dúró sí àárín ìlú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n? N kò jí nǹkan, kí ni n ó wá wí? Ìwọ lo sọ̀rọ̀. Ìwọ ni kó o lọ tún un sọ. Ẹnu tó o fi sọ ọ́ náà ni kó o lò."

"N ó pe àwọn àgbà ẹgbẹ́ jọ."

"Àwọn àgbà ẹgbẹ́ kọ́ ni n ó ní kó o kọ́kọ́ lọ bá. Ìyá mi ni. Bó bá ti gbọ́, tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi, kó pè mí. Nígbà náà ni n ó wá." Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, ó fún mi. Ó wá ní, "Ìjókòó ẹgbẹ́ wà lọ́dọ̀ mi lóòótọ́. Bí wọ́n bá ṣáà fẹ́ pe ènìyàn lólè, sọ fún wọn pé olè ìjókòó ni mí." Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Mo bi í bóyá ó dárí jì mí. Ó ní kí n má béèrè ìyẹn lọ́wọ́ òun ní àárọ̀ kùtùkùtù. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀kadà tó gbé mi títí dé ọ̀nà márosẹ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ti yí padà sí ọ̀nà oko.

Ẹ̀yìn ọjà

N kò kọ́kọ́ yà sílé mi. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ilé Ìyá Wúrà ni mo gbà lọ. Ó jókòó sí iwájú ilé, ó gbé àtẹ ẹ̀wà sórí ẹsẹ̀, ó ń ṣà á. Ẹ mọ̀ pé ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ló fi ń mọ òkúta yàtọ̀ sí ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìdìde.

Kò dá ẹ̀wà ṣíṣà dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí náà ni."

"Èmi ni, Ìyá."

"Mo mọ̀ pé kò jalè. Èmi ni mo tọ́ ọ. Ohun tí n kò mọ̀ ni ẹni tí yóò wá sọ ọ́ fún mi kí n tó kú."

Mo ní Sàlámì kọ lẹ́tà, kò rí èsì.

"Méjèèjì ló tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo gbé wọn fún ọmọ kan tó lè kàwé, ó kà wọ́n fún mi, mo sì fi iná sun wọ́n." Ó ju òkúta kan nù. "Wọ́n ń wá a kiri nígbà náà. Bí mo bá dá a lóhùn, wọ́n á tọ èsì mi dé ibi tó wà. Mo ní kó máa rò pé mo ń bínú. Ìbínú kò pa ènìyàn. Ẹ̀wọ̀n a máa pa á."

Mo na ìwé tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀ sí i. Ó gbà á, ó pa á pọ̀, ó so ó mọ́ ìdí ìró rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ẹ dákun, ẹ dárí jì mí."

"N kò tíì rò ó débẹ̀." Ó na ọwọ́ sí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. "Jókòó síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá, dá a dúró, kó o sọ ọ́ fún un bó o ṣe sọ ọ́ fún mi."

Mo jókòó. Ẹni àkọ́kọ́ ni alápatà. Ó dúró, ó gbọ́, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́, a ti gbàgbé. Ìyá Wúrà gbé orí sókè láti inú ẹ̀wà rẹ̀. "Èmi kò gbàgbé," ó wí. "Parí ọ̀rọ̀ rẹ, Gbádé." Mo parí rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún obìnrin tó ń ti odò bọ̀. Mo sọ ọ́ fún ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó bi mí léèrè lọ́jọ́ náà. Ó ti di arúgbó, igi ló fi ń rìn. Ó dúró síwájú Ìyá Wúrà, ó sì jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí ẹni tó tẹ̀ lé e kọjá, òun ló dá a dúró.

Kí oòrùn tó wọ̀, ohùn mi ti há. Ìyá Wúrà ní kí n máa lọ sílé lọ rí ìyàwó mi, kí n padà wá lọ́la, nítorí pé ọjọ́ ọjà ni ọ̀la, ènìyàn yóò pọ̀ lọ́nà. Bí mo ti ń lọ, mo gbọ́ tó ń pe ọmọ ilé kejì pé kó mú fóònù wá.

Mo padà lọ ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin tí ẹ kò gba ẹ̀yìn ọjà kọjá ní ọjọ́ méjèèjì, ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí. Sàlámì kò jí kẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni.